Bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ìwàásù wa

Màmá kan wà ní ìjọ wa ní Peckham, ní London, tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Àga iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, kí wọ́n lè máa wo ẹnu Pásítọ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ya fídíò yìí, ṣé ẹ ò lè kọ ohun tí wọ́n ń sọ sábẹ́ rẹ̀ ni? Mo mọ̀wé kà." Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá kan ń ṣàròyé pé bí Pásítọ̀ bá ti bọ́ sínú Yorùbá báyìí, fóònù làwọn ọmọ òun ń tẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe di méjì nìyẹn: Yorùbá fún Màmá, Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣọ̀lẹ. YouTube lè fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò, mo ní kó máa ṣe é lọ. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni. Pásítọ̀ ní "ẹ jókòó", òun kọ "a joke". Mo rẹ́rìn-ín títí, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, èmi náà jókòó.

Ìwàásù ìṣẹ́jú 47 gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta. Inú Notepad, ibi ìkọ̀wé lásán lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ti kọ ọ́. SRT ni wọ́n ń pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀, bó sì ṣe máa ń rí nìyí:

12
00:01:04,000 --> 00:01:07,500
Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín
sí Àìsáyà orí kejì.

Nọ́ńbà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò yọ àti ìgbà tí yóò lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an. Mi ò jẹ́ kó ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, torí Pásítọ̀ wa yára lẹ́nu, ojú kì í sáré tó ẹnu wọn. Níbi tí wọ́n ti pariwo "Halelúyà" nígbà mẹ́sàn-án léraléra, ẹyọ kan ni mo kọ. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Kó lè yá, mo fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà, ṣùgbọ́n mi ò fi àmì ohùn sí i. Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ ta ni wọ́n fẹ́ fi rọ dòjé?"

Àìsáyà 2:4 ni Pásítọ̀ kà, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè yóò ti fi ọ̀kọ̀ wọn rọ dòjé. Èmi kọ "ọkọ". Ẹni tó gbọ́ ohùn mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ obìnrin, kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń wọ̀, kì í sì í ṣe ọkọ́ tí à ń fi roko. Màmá ò gbọ́ ohùn. Àmì tí mo fò yẹn ni ohùn tó kù fún wọn.

Mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí, torí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google, ní bọ́tìnì Yorùbá. Ìgbà tí mo gbé e padà sórí kọ̀ǹpútà tí mo tọ́jú rẹ̀, àmì ìbéèrè kún inú rẹ̀: ANSI, ọ̀nà ìtọ́jú ọ̀rọ̀ tí kò gba àmì Yorùbá tán, ni mo yàn dípò UTF-8 tó gbà á. Lórí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń tan ọ̀rọ̀ sí náà, irú lẹ́tà (font) aláràbarà tí a ń lò fún orin kò mọ "ẹ́" rárá, àpótí òfìfo ló ń yọ. "Ẹ́" kò ní ààyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ" àti àmì òkè ni wọ́n ń tò pọ̀, kì í ṣe gbogbo irú lẹ́tà ló mọ̀ ọ́n tò. Èyí tó ń jẹ́ Noto Sans mọ̀ ọ́n, òun la ń lò báyìí.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ló wá lágídí jù. Pásítọ̀ ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé kéèyàn fara dà á, adùn rẹ̀ ti lọ. Mo fi oyin sílẹ̀, mo fi àáké sílẹ̀, mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ kan bi mí lọ́sẹ̀ kejì pé ta ló ń fi oyin sínú òkúta. Ó kà á nìyẹn.

Mo gbìyànjú láti fi èdè méjèèjì hàn pọ̀; ìlà mẹ́rin bo Pásítọ̀ dé táì. Fáìlì méjì ló wà lórí YouTube báyìí, kálukú yan tirẹ̀. Ọmọ-ọmọ Màmá ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Àròyé Màmá ti wá di iṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ìṣẹ́jú kejìdínlógún, o tún fi àmì kan sílẹ̀." Ti ọ̀sẹ̀ yìí gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, mi ò tíì gbọ́ ọ.