Bí mo ṣe to ìwé ìdílé Colden, tí mo sì ya ilẹ̀ inú rẹ̀ sórí bébà

Cadwallader Colden di olórí àwọn awọnlẹ̀ New York lọ́dún 1720, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di igbákejì gómìnà lọ́dún 1761. New-York Historical Society ti tẹ lẹ́tà àti ìwé rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ 9.

Déètì ni mo kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń da ètò rú jù. Kó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà tó bá ní "February 1731/2", 1732 ni mo tò ó sí. Bó bá jẹ́ 1731 nìkan, àfi kí n ka inú rẹ̀ dáadáa kí n tó yan ọdún. Nínú tábìlì mi, òpó kan wà fún déètì bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òmíràn wà fún tiwa.

Orúkọ náà ń díjú: bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló ń jẹ́ Cadwallader. Ọdún ìbí ni mo fi mọ wọ́n yàtọ̀: 1688, 1722, 1769. Jane, ọmọbìnrin tó mọ ewéko dunjú, ti di Farquhar lọ́dún 1759. Ẹni tó bá ń wá Colden nìkan á fò ó.

Ilẹ̀ ló gba sùúrù. Ṣéènì Gunter, ẹ̀wọ̀n tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń wọn ilẹ̀, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66, ó ní ojú 100. Ilẹ̀ tó gùn ní ṣéènì 10, tó fẹ̀ ní ṣéènì kan, éékà kan géérégé ni. Ká ní ìwé sọ pé "N 30 E, 40 chains": dojú kọ àríwá, yà sí ìlà-oòrùn ní dígíríì 30, kí o fa ṣéènì 40. Mo fi cosine àti sine, ìṣirò igun, pín in: cosine gbé mi lọ sí àríwá ní ṣéènì 34.64, sine gbé mi lọ sí ìlà-oòrùn ní 20. Bí mo bá yí ilẹ̀ náà po tán, àríwá gbọ́dọ̀ pa gúúsù, ìlà-oòrùn gbọ́dọ̀ pa ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ku díẹ̀, ṣéènì tó dẹ̀ tàbí òkè tí wọ́n gùn ló fà á. Àmọ́ bó bá jẹ́ ṣéènì 40 ló kù sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ E (ìlà-oòrùn) yìí ni a kà sí W (ìwọ̀-oòrùn), tí 20 náà fi di ìlọ́po méjì. Ìdajì máìlì gbáko nìyẹn.

Àríwá kọ́ńpáàsì sì ń ṣí láti ọdún dé ọdún, nítorí náà mo ní láti yí àwòrán náà díẹ̀ kó tó bá máàpù òde òní mu.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ṣeé yà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1732, Colden fúnra rẹ̀ ráhùn pé wọn kò wọn ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó fi tọrẹ, pé orúkọ tí àwọn onílẹ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ fún odò àti òkè ni wọ́n fi ṣe ààlà, ìwọ̀nba èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Irú ààlà bẹ́ẹ̀, ìlà tótòtó ni mo fi yà á, mo sì kọ orúkọ odò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé.