Bí a ṣe ń dá ààlà omi méjì mọ̀ lójú òkun

Ní kíláàsì mi ní Àkúrẹ́, orí tábìlì ni ẹ̀kọ́ ààlà omi, ìyẹn ibi tí omi òkun méjì tí òtútù tàbí iyọ̀ wọn yàtọ̀ ti pàdé, ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ike gígùn tó mọ́ gaara, kí ẹ fi páálí tí ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé pín in sí méjì. Ẹ da omi tútù tí ẹ po iyọ̀ àti aró díẹ̀ mọ́ sí apá kan, kí ẹ da omi lásán sí apá kejì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ wá fa páálí yọ. Omi oníyọ̀ á rọra wọ abẹ́, omi lásán á gun orí rẹ̀. Ẹ má kánjú kọjá ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ààlà wọn dà gẹ̀rẹ́ ni, kò dúró ṣánṣán.

Òtútù àti iyọ̀ ló ń mú omi wúwo. Omi òkun a máa ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílógíráàmù kan, àmọ́ òjò àti àwọn odò bí Odò Ọya ń bomi là á ní Gulf of Guinea. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù a máa ru jáde láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Nítorí náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi máàpù ooru nìkan wá ààlà omi. Ooru lè dọ́gba kí iyọ̀ yàtọ̀.

Ní Igbókòdá, apẹja tó mọ òkun Ìlàjẹ ni kí ẹ bá lọ, kí gbogbo yín wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó. Ẹ wá ìlà gígùn kan tí ìfofó, igi àti ike kó jọ sí. Omi méjèèjì ń rìn pàdé níbẹ̀, èyí tó wúwo ń rì, ohun tó léfòó kò sì lè bá a lọ. Ẹja kéékèèké a máa pọ̀ níbẹ̀, àwọn ńlá a sì tẹ̀ lé wọn.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan náà lè fa ìlà ìfofó, ọ̀pọ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ bu omi ní ìhà méjèèjì, kí ẹ ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ kí oòrùn tó mú un gbóná, kí ẹ sì wọn iyọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kì í ṣe ààlà omi.

Ẹ kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí sílẹ̀. Bó bá ń ti omi tó wúwo gun èyí tó fúyẹ́, wọ́n á pò pọ̀, ààlà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Bó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́ ló ń tì gun èyí tó wúwo, ààlà á tẹ́ pẹrẹsẹ.