Bí mo ṣe wọn epo tó ń fò lọ nínú táǹkì alùpùpù mi

Àríyànjiyàn ló bí i, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi nítòsí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin). Onízémijàn (ọlọ́kadà) kan ní kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń wá láti Nàìjíríà, ń fò ju epo ilé-epo lọ: tí òun bá da lítà méjì sí táǹkì lálẹ́, òun kì í bá a pé láàárọ̀. Èkejì rẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ló ń fà á. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo kò fi bẹ́ẹ̀ dínwó mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ra epo fún atẹ́gùn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní PCT (físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ), mo lanu, mo ní màá wọ̀n ọ́n.

Níbi tí òfin wà fún un, odindi alùpùpù ni wọ́n máa ń tì mọ́ yàrá tí atẹ́gùn kò lè gbà jáde. Wọ́n á wọn oru epo tó jáde nígbà tí táǹkì ń gbóná, wọ́n á sì tún wọn ti wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì. Euro 5, òfin ilẹ̀ Yúróòpù, kò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ju gíráàmù 1.5 lọ. Èmi ò ní irú yàrá yẹn. Òṣùwọ̀n ni mo lè rí: ohun tó bá fò lọ, ìwúwo á dín.

Mo tú táǹkì Boxer mi, mo da lítà 4 epo ilé-epo sí i, mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo yá lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì àdúgbò wa (ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá màá fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà). Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gíráàmù 34 ti lọ. Mo da èyí tó kù sínú bídọ̀ǹ (kẹ́ẹ̀gì), mo fi kpayo rọ́pò rẹ̀. Bí òjò ṣe dé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òòrùn ò yọjú, gíráàmù 13 péré ló dín. Díẹ̀ ló kù kí n sáré lọ kéde pé kpayo borí, kí n tó rántí pé òjò ni mo wọ̀n, kì í ṣe epo. Táǹkì ń mí: tó bá gbóná lọ́sàn-án, ohun tó wà lókè epo á wú, á gba ihò kékeré ara ìdérí jáde, tó bá tutù lálẹ́, á fa atẹ́gùn tuntun wọlé. Lọ́jọ́ òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ mí.

Mo bá yíwọ́ padà. Ìgò onílítà kan mẹ́ta, ààbọ̀ lítà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, epo ilé-epo nínú ọ̀kan, kpayo nínú èkejì, ìṣó kan náà ni mo fi lu ìdérí wọn, abẹ́ páànù kan náà lẹ́yìnkùlé, jìnnà réré sí ààrò. Ẹni tó bá rántí iná tó jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023 kò ní bi mí léèrè ìdí.

Ìgò kẹta ni mo fẹ́ po ọtí mọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fi étánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí gan-an, lú epo wọn báyẹn. Ọtí 70 ti fámásì (ìdá 70 nínú 100 ni ọtí, omi ni ìyókù) ni mo kọ́kọ́ rà. Mo gbọn ìgò títí, mo gbé e kalẹ̀, mo ń wò ó. Ó kọ́kọ́ dà bí omi ògì. Nígbà tó yá, epo ròkè, omi sùn sísàlẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan sì dúró láàárín wọn. Omi inú ọtí náà ló gbá étánọ́ọ̀lù mọ́ra lọ sísàlẹ̀. Mo ní láti lọ bẹ ẹni tó ń tọ́jú láàbù ilé-ìwé wa fún èyí tí kò lómi, mo sì yá òṣùwọ̀n ibẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì: epo ilé-epo pàdánù gíráàmù 6.2, ọlọ́tìí 7.1, kpayo 3.9. Ti ọlọ́tìí yẹn takora létí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí: étánọ́ọ̀lù nìkan kì í tètè fò tó epo, ṣùgbọ́n tí díẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ inú epo, àpapọ̀ wọn á máa fò ju epo lásán lọ. Ti kpayo ló dà mí láàmú.

Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́. "Tíṣà, inú ìgò ni wọ́n ti bù ú fún yín àbí inú bídọ̀ǹ?"

"Inú ìgò."

"Ó ti fò tán kó tó dọ́wọ́ yín."

Mo padà lọ bá ìyá tó tà á fún mi. Ìgò ńlá oníkùn rẹ̀ wà lórí tábìlì nínú oòrùn, àkísà ló fi dí i lẹ́nu, epo inú rẹ̀ pọ́n bí tíì. Mo ní, "Ẹ kú òwò o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ yìí ni mo fẹ́." Ó ní epo kan náà ni, ọmọ òun, ṣùgbọ́n ó ṣí bídọ̀ǹ tuntun. Bí ìdérí ṣe kúrò, mo yíjú sẹ́yìn. Òun ò yíjú. Ó ní, "Imú mi ti mọ̀ ọ́n." Bẹ́nsíìnì, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, wà lára ohun tó ń fò yẹn. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un níbi tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ti ń wá. N kò sọ ọ́.

Kpayo tuntun náà pàdánù gíráàmù 6.0. Mo tún fi epo ilé-epo sínú ìgò alákìísà fún ọjọ́ méjì kí n tó dà á sínú ìgò oníhò, kí n wọ̀n ọ́n bíi ti àwọn yòókù: gíráàmù 4.1 ló pàdánù. Èyí tó fúyẹ́ nínú epo ló ń kọ́kọ́ lọ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbà láàárọ̀. Onízémijàn tó ní kpayo òun ń fò kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó jẹ́ kpayo.

Gíráàmù 34 yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ó pọ̀ jù fún ihò kékeré kan. A yẹ ìdérí táǹkì wò, rọ́bà rẹ̀ ti sán káàkiri. Mẹkáníìkì fi tuntun sí i. Mo tún da lítà 4 epo ilé-epo sí i, oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 15.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó ní kí n tún un fọ̀.