Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Erin àti Àwọn Ẹranko Ńlá Inú Igbó Láti Kọ Ìwà Wọn Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí ìwà ẹranko ló rò pé ojú tó mú ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ojú kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Èèyàn á ṣọ́ erin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á gbé ìwé tó kún fọ́fọ́ dé, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ìṣirò nínú rẹ̀. Nítorí náà, màá pẹ́ lórí àkọsílẹ̀, màá sì yára kọjá lórí ìyókù.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó igbó náà, kí ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ tó mọ ibẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo. "Mo fẹ́ mọ ìwà erin" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé abo erin tó ń fún ọmọ lọ́mú ń pẹ́ nídìí oúnjẹ ju èyí tí kò lọ́mọ lọ?" Ìyẹn ṣeé dáhùn.

Ẹ gbọ́dọ̀ dá ẹranko kọ̀ọ̀kan mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Etí ni ẹ fi máa mọ erin: ibi tó ya, ibi tó lu, bí iṣan ṣe tò níbẹ̀. Ilà ara ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, àbàwọ́n ara ni ti àgùnfọn, àwọn àmì tóótòòtó níbi tí irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú ti hù ni ti kìnìún. Etí ni Iain Douglas-Hamilton, olùṣèwádìí erin, fi dá àwọn erin Lake Manyara ní Tanzania mọ̀ ní àwọn ọdún 1960, ọ̀nà kan náà sì ni Cynthia Moss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní Amboseli, ní Kenya, láti ọdún 1972. Ẹ ya fọ́tò etí méjèèjì, torí tọ̀tún kì í bá tòsì dọ́gba. Kí ẹ sì tún fi ọwọ́ yà á sínú ìwé. Ẹni tó bá fọwọ́ ya etí erin kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára, ti tó. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, torí bírò kì í kọ lórí ìwé tó ti rin. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sórí fóònù: oòrùn á mú kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ óò sì máa wo fóònù nígbà tó yẹ kí ẹ wo ẹranko. Ẹ bu eérú sínú àpò aṣọ kékeré kan. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ibi tí eérú bá fẹ́ lọ ni òórùn yín ń lọ, ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí ẹranko. Ibi tí mọ́tò á ti rọrùn láti jáde ni kí ẹ páàkì sí, kì í ṣe ibi tí fọ́tò á ti dára.

Ó wá ku àkọsílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ to orúkọ àwọn ìṣe tí ẹ máa kọ, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan. "Jíjẹun: ó ń fi ọwọ́jà já ewé tàbí koríko, tàbí ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkójọ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí. "Ó bínú" kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí ni pé ó gbórí sókè, ó na etí méjèèjì gbalaja, ó sì kọjú sí mọ́tò. Bóyá ó bínú, bóyá ẹ̀rù ló bà á, ìparí iṣẹ́ ni a óò mọ ìyẹn. "Wọ́n dákẹ́" gan-an léwu. Láti ọdún 1984 tí Katy Payne, olùṣèwádìí ohùn ẹranko, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé erin ń fi ohùn tó rẹlẹ̀ ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ bára wọn sọ̀rọ̀. "N kò gbọ́ ohùn" ni kí ẹ kọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amboseli. Àwọn olùṣèwádìí ibẹ̀ rí i pé ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó lára àwọn akọ erin kan, nǹkan ọmọkùnrin wọn ti di aláwọ̀ ewé, omi sì ń ṣàn láàárín ojú àti etí wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ akọ tó jẹ́, ọjọ́ tó jẹ́ àti ohun tí wọ́n rí. Àkọsílẹ̀ yẹn ni Joyce Poole àti Cynthia Moss fi hàn nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 1981 pé ara àwọn akọ náà ló gbóná tí wọ́n ń wá abo, ohun tí ọ̀pọ̀ ti rò pé erin Éṣíà nìkan ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé "ó ń ṣàìsàn" nìkan ni wọ́n kọ, kí ni wọn ì bá padà wá kà?

Ẹ̀tàn kìíní nìyẹn, kíkọ èrò dípò ohun tí ojú rí. Ẹ̀tàn kejì ni ẹranko tí ojú máa ń lọ bá. Bí akọ méjì bá ń jà, gbogbo awò á kọjú síbẹ̀, ogún erin tó ń jẹun á di èyí tí kò sí. Jeanne Altmann, olùṣèwádìí ìwà ẹranko, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1974, ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni a ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ nọ́ńbà sára òkúta wẹ́wẹ́, ẹ kó wọn sínú fìlà, kí ẹ fà á láìwò. Ẹranko tí nọ́ńbà bá mú ni ẹ máa ṣọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kódà bí kìnìún bá pa ẹfọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má ṣe yíjú. Ẹ ti aago tó ń gbọ̀n bọ àpò. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ̀n, ohun tí ẹranko yẹn ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èyí tó ṣe ṣáájú, kì í ṣe èyí tó wuyì jù.

Bó bá wọ ẹ̀yìn igbó, ẹ kọ "kò hàn". Ibí yìí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kọsẹ̀. Wọ́n á fo ìlà náà, tàbí kí wọ́n mú ẹranko mìíràn. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi àti inú igbó ni ẹranko ti ń sinmi. Bí ẹ bá ń ju "kò hàn" nù, ìsinmi lẹ ń jù nù, èsì yín á sì sọ pé erin kì í sinmi. Òru náà ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017 lórí abo erin méjì ní Chobe, ní Botswana, fi hàn pé wákàtí méjì péré ni wọ́n ń sùn lójúmọ́, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan lẹ ṣọ́ wọn, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ ṣọ́ ẹranko kan náà láìbára yín sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi ìwé wé ìwé. Èmi kì í gbà ju ìlà kan nínú mẹ́wàá tí kò bára mu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àlàyé àwọn ìṣe ni kò yé yín bákan náà. Ẹ tún un kọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó jẹun, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà ìṣirò, ẹ rántí pé ìlà 300 lórí abo erin kan, ẹ̀rí lórí erin kan ni, kì í ṣe lórí 300. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdá tí ẹranko kọ̀ọ̀kan fi jẹun nínú ìlà tó ti hàn, kí ẹ tó fi ẹranko wé ẹranko. Iye ẹranko tí ẹ ṣọ́ àti iye "kò hàn" tí ẹ kọ ni kí ẹ gbé ṣíwájú èsì yín.