Bí a ṣe ń ṣí àká ètò àfikún lórí sáfà Linux láìba ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé AlmaLinux, Rocky Linux tàbí Red Hat Enterprise Linux ẹ̀dà 9 sórí sáfà kì í pẹ́ kíyè sí i pé àwọn ètò kan tí ó ti mọ̀ níbòmíràn kò sí nílẹ̀. Yóò pàṣẹ kí a gbé htop (tí ń fi iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe hàn) tàbí fail2ban (tí ń dí ẹni tí ń fipá wọlé lọ́nà) wọlé, dnf, irinṣẹ́ tí ń gbé ètò wọlé, yóò sì dá a lóhùn pé òun kò rí ohun tí ó jọ ọ́. Àwọn tí ń ṣe irú Linux yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi iye ètò inú rẹ̀ mọ níwọ̀n ni, nítorí pé ohunkóhun tí wọ́n bá kó sínú àká ìpìlẹ̀, ibi ìkópamọ́ tí dnf ti ń kó ètò wá, di ẹrù tí wọn yóò máa tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹ̀dà 9 ti Red Hat, tí ó jáde ní ọdún 2022, ni a ṣèlérí ìtọ́jú fún títí di ọdún 2032. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ṣẹ́kù wà nínú àwọn àká àfikún, tí olùtọ́jú sáfà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí.

Kí a tó tẹ àṣẹ kankan, ó yẹ kí ohun kan yé wa yékéyéké. Nígbà tí dnf bá ń gbé ètò wọlé, agbára root, ẹni tí ó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú sáfà, ni ó fi ń ṣe é, àwọn àṣẹ kéékèèké tí a dì mọ́ inú ètò náà sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára kan náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí a bá ṣí àká rẹ̀ ti gba àyè láti yí ohun tí ó bá wù ú padà lórí sáfà wa, kì í ṣe lọ́jọ́ tí a ṣí i nìkan, bí kò ṣe nígbàkígbà tí a bá tún àwọn ètò wa ṣe láti inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àká díẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣí, kí a sì pààlà sí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílẹ̀:

cat /etc/os-release
dnf repolist --all

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń sọ ẹ̀dà tí sáfà ń lò, èkejì sì ń to gbogbo àká tí ó mọ̀, èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó wà ní títì. Ẹ ó rí BaseOS, tí ó gbé gbogbo ètò dúró, àti AppStream, níbi tí àwọn èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà, database àti ètò tí ń gbé ìkànnì jáde wà. Ẹ má ṣe yára jáde kúrò nínú àwọn méjèèjì yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wá àká ìta kiri nítorí ẹ̀dà tuntun PHP, èdè tí a fi ń kọ ìkànnì, nígbà tí ẹ̀dà tí ó tó wọn lò wà nínú AppStream gẹ́gẹ́ bí module, ìyẹn ẹ̀dà ètò tí a tò lọ́tọ̀, tí a kàn ní láti yàn. Àṣẹ yìí yóò fi wọ́n hàn:

dnf module list php

Bí ohun tí ẹ ń wá kò bá sí níbẹ̀ lóòótọ́, àká àfikún tí a ń pè ní EPEL ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lábẹ́ Fedora Project ni ó ń tọ́jú rẹ̀, òfin tí wọ́n sì dì mú jù lọ ni pé ètò inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ́pò ètò tí Red Hat fúnra rẹ̀ pèsè nínú àká ìpìlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọlù ú. Òfin yìí ni ó jẹ́ kí n máa dá a yà sọ́tọ̀ láàárín àwọn àká yòókù. Ọ̀pọ̀ ètò inú rẹ̀ gbára lé àká mìíràn tí a ń pè ní CRB, tí ó sábà máa ń wà ní títì, nítorí náà CRB ni a ó kọ́kọ́ ṣí. Lórí AlmaLinux àti Rocky Linux, ẹ tẹ:

sudo dnf install dnf-plugins-core
sudo dnf config-manager --set-enabled crb
sudo dnf install epel-release

Ẹni tí ó ṣì wà lórí ẹ̀dà 8 yóò fi powertools sí ipò crb. Lórí Red Hat fúnra rẹ̀, àṣẹ náà yàtọ̀:

sudo subscription-manager repos --enable codeready-builder-for-rhel-9-$(arch)-rpms
sudo dnf install https://dl.fedoraproject.org/pub/epel/epel-release-latest-9.noarch.rpm

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti àṣẹ títẹ̀ nìkan. Lórí AlmaLinux àti Rocky, inú àká tiwọn ni epel-release ti wá, kọ́kọ́rọ́ (àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ètò ni ó ti wá) tí sáfà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a sì fi lu òǹtẹ̀ sí i. Lórí Red Hat, àdírẹ́sì https náà ni ẹ̀rí tí a gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ Enter. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé ètò kan wọlé láti inú EPEL, dnf yóò fi àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ hàn yín, yóò sì béèrè bóyá ẹ gbà á. Ẹ fi àmì náà wé èyí tí Fedora Project gbé jáde fún EPEL 9 kí ẹ tó dáhùn. Fún ìdí yìí kan náà, ẹ má ṣe fi -y kún àṣẹ náà, nítorí -y ti bá yín dáhùn kí ẹ tó ríran kà á.

Ẹ wá dán an wò:

sudo dnf install htop

Kí dnf tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò to gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbé wọlé pẹ̀lú orúkọ àká tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ ka abala orúkọ àká yẹn. Bí ètò ìpìlẹ̀ kan bá fẹ́ ti àká àfikún wá, ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ sì wádìí rẹ̀.

Àwọn àká mìíràn kò sí lábẹ́ òfin EPEL. Àká Remi ń pèsè PHP tuntun, àká ELRepo sì ń pèsè kernel (ọkàn Linux) tuntun àti àwọn ètò tí ń jẹ́ kí Linux dá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ mọ̀. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi tiwọn rọ́pò ohun tí ó wà nílẹ̀. Inú /etc/yum.repos.d ni fáìlì àká kọ̀ọ̀kan wà, ibẹ̀ sì ni a ti ń pààlà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ń sọ ni pé kí a kọ enabled=0, kí a sì máa fi --enablerepo ṣí àká náà nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ọ̀nà yìí ní ewu tí a kì í sábà mẹ́nu kàn: ètò tí ó ti inú àká tí a tì wá kì í rí àtúnṣe ààbò gbà nígbà tí a bá ń ṣe dnf upgrade. Bí ètò náà bá ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fara mọ́ ọn pé kí àká náà wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n kí a dárúkọ ohun tí ó lè kó wọlé. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni kí a kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì àká ELRepo:

includepkgs=kmod-*
priority=120

Ìlà àkọ́kọ́ fi àyè gba àwọn ètò tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kmod nìkan. Ní ti priority, 99 ni iye tí dnf ń lò fún àká tí a kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èyí tí iye rẹ̀ bá sì kéré ni ó ń borí. Nítorí náà 120 kò ní jẹ́ kí àká yìí gba iṣẹ́ mọ́ BaseOS lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ̀dà kékeré tuntun bá jáde ni wàhálà sábà máa ń wáyé, bí àpẹẹrẹ láti 9.4 sí 9.5. Ti Red Hat ni EPEL ń tẹ̀ lé, ó sì lè gba AlmaLinux tàbí Rocky ní àkókò díẹ̀ kí wọ́n tó bá a. Láàárín àkókò yẹn, dnf lè sọ pé ètò kan ń béèrè ohun tí kò sí. Ẹ dúró kí ẹ̀dà yín dé. Ẹ má ṣe fi rpm --nodeps, tí kì í wo ohun tí ètò nílò, tì í wọlé, nítorí ètò náà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tẹ àwọn àṣẹ yìí:

dnf repository-packages epel list --installed
dnf list --extras

Èyí àkọ́kọ́ ń to ohun tí ó ti inú EPEL wá. Èkejì ń fi ètò tí ó wà lórí sáfà ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àká kankan tí ó ṣí mọ́ hàn, bóyá nítorí pé olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, tàbí nítorí pé a ti yọ àká rẹ̀ kúrò. Yíyọ àká kúrò kì í yọ ètò tí ó ti inú rẹ̀ wá; ẹ ní láti fi dnf remove yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi dnf distro-sync dá àwọn tí àká ìpìlẹ̀ náà ní padà sí ẹ̀dà ti ìpìlẹ̀.