Gàárì Bàbá Àgbà: Ìtọ́jú ohun èlò awọ tí a fi ń gun ẹṣin nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́

Láti ilẹ̀ Bàrìbá lápá òkè ni ẹṣin ti ń wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láyé àtijọ́, ìdílé Babagidai tó ń jọba Ṣábẹ̀ẹ́ pàápàá sì tan mọ́ ọ̀hún. Ẹṣin ti kú tipẹ́, ẹni tó gùn ún ti di ẹni àná, ṣùgbọ́n gàárì àti ìjánu ṣì wà lórí àjà nílé mìíràn. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ni a kọ ìwé yìí fún.

Ohun tó ká mi lára jù ni èyí: ẹ má fi òrí pa á. Ẹ má fi àdín pa á, ẹ má fi epo pa á. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é, mo mọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí awọ gbẹ, a ó ní bí ara tiwa ṣe ń fẹ́ òrí ni tirẹ̀ náà ń fẹ́. Èmi náà fi òrí pa ìjánu bàbá bàbá mi ní ọdún kan. Ó dán fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ó ṣú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku dì mọ́ ọn, pupa rẹ̀ kò sì padà mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní. Ọ̀rá tó bá wọ awọ tó ti gbó kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Òun náà ló ń jẹ idẹ: nǹkan aláwọ̀ ewé tó rí bí ìda tí ẹ ń bá létí ìdè idẹ, ọ̀rá ló fà á. Ẹ fi igi tí ẹ gbẹ́ ṣóńṣó ha á kúrò pẹ̀lẹ́, ẹ má lo ọ̀bẹ.

Omi náà kò bá a mu. Pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ awọ ewúrẹ́ pupa wọ̀nyẹn láró, omi sì lè ṣí i. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku, pàápàá lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Bí lẹ́búlẹ́bú pupa bá kù sí yín lọ́wọ́ bí osùn, awọ náà ti ń jẹrà nìyẹn, kò sì sí ìwòsàn fún un. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ wé e, kí ọwọ́ má kàn án mọ́.

Àjà orí àrò dára fún àgbàdo, kò dára fún gàárì: ooru ń mú awọ sún kì, èéfín sì ń bà á jẹ́. Ẹ má so ó kọ́ ìṣó. Ẹ gbé e gun igi roboto tí ẹ fi aṣọ wé nípọn, kí ó jókòó bí ẹni wà lẹ́yìn ẹṣin, kí ó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri nítorí ikán. Ẹ má dì í sínú láílọ́ọ̀nù.

Ìgbà òjò ló léwu jù. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó wà láàárín 45 sí 55 nínú 100 ló dára fún awọ. Bó bá ju 65 lọ, yóò fẹ́ bu. Bó bá ti bu, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ ìbòòji, ẹ má sá a sóòrùn. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n.

Ní ti kòkòrò, mo bẹ̀ yín, ẹ má fín oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí oko òwú sí i. Májèlé ni fún àwọn ọmọ tó ń sùn nínú yàrá yẹn. Bí ìjánu bá kéré tó láti wọ inú ẹ̀rọ amúǹkandì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ wá dì í pa nínú láílọ́ọ̀nù, fún ìgbà yìí nìkan, kí ẹ fi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òtútù lè pa kòkòrò náà. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u títí di ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó bò ó, ẹ fi òwú so ìwé pélébé mọ́ ọn, kì í ṣe irin. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gùn ún, ibi tí ẹṣin ti wá, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín.