Ṣáàfù kọ́ ló ń ṣẹ́: ìrírí mi lórí axle ẹ̀yìn Hilux wa

Owó tí mo ná lórí ṣáàfù ẹ̀yìn, irin tó ń yí táyà, lọ́dún tó kọjá tó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó dáa, kò sì sí ìkankan nínú owó yẹn tó yẹ kí n ná. Ọkọ̀ eré ni Hilux yìí, àwa mélòó kan la jọ ni ín, orí iyanrìn lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí la ti ń fi í sáré. A ti gbé e sókè, a ti fi táyà 33 sí i. Ó bá ti fò, tó balẹ̀ gbìì, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló máa ń ṣẹ́. Mẹkáníìkì á ní, "Ṣáàfù ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ ra òmíì wá." Onípáàtì ní Ládipọ̀ á ní èyí tí mo rà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, ọwọ́ òun ni original wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ mí lówó.

Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn ṣẹ́, mi ò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Mo fi bẹntiróòlù fọ ojú ibi tó ti kán, mo gbé e síta sínú oòrùn. Eyín ẹnu ṣáàfù ṣì gún régé. Tó bá jẹ́ agbára ẹ́ńjìnnì ló ṣẹ́ ẹ, eyín yẹn ì bá ti lọ́ kó tó já. Ẹ̀bá bẹ́rìn ló ti kán pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé ara wọn bíi ti ìkarawun ìgbín, apá kékeré kan ṣoṣo ló rí ṣákaṣàka. Ó ti ń là díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ nìyẹn, fífò tó kẹ́yìn kàn bá a parí ẹ̀ ni. Nǹkan kan ń tẹ̀ ẹ́.

Mo so nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ ìdí okùn, mo gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú, mo fi okùn náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ rímù. Lápá òsì, okùn fara kan rímù lókè, ó fara kan án nísàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, ó fara kan ìsàlẹ̀, àmọ́ lókè, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gba àárín wọn kọjá. Háósìn, páìpù irin tí ṣáàfù wà nínú rẹ̀, ló ti tẹ̀! Nínú irú axle tiwa, ṣáàfù tó ń yí táyà náà ló tún ń ru ọkọ̀. Bí háósìn bá ti wọ́, gbogbo ìgbà tí táyà bá yí ni ṣáàfù ń tẹ̀, ẹ ò báà ra original títí ayé. Mo fi han mẹkáníìkì, ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi.

Mi ò tún axle yẹn ṣe mọ́. Ti Land Cruiser 80 ni mo wá lọ, irú èyí tí họ́bù rẹ̀, ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́, jókòó sórí háósìn fúnra rẹ̀, tí ṣáàfù ò ní iṣẹ́ míì ju kó yí táyà. Kì í ṣe gbogbo 80 ló ní in: ẹ wá èyí tí orí ṣáàfù rẹ̀ yọ síta láàárín họ́bù, tí nọ́ọ̀tì yí i ká. Gíà inú rẹ̀ jẹ́ íǹsì 9.5, ti Hilux wa jẹ́ 8, ihò nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bá rímù wa mu. Kí n tó san kọ́bọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí wọ́n ń de propeller, ọ̀pá tó ń gbé agbára wá láti gíàbọ́ọ̀sì, mọ́, mo ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù di họ́bù kan mú, mo yí èkejì lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo sàmì sí yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó lé díẹ̀ tí kò tó ìdámẹ́rin. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá dúró, ìyípo méjì ti èkejì dà bí ìyípo kan ti táyà méjèèjì, nítorí náà gíà 4.1 nìyẹn, bíi ti iwájú gẹ́lẹ́. Tí iwájú àtẹ̀yìn ò bá dọ́gba, ẹ ó fọ́ gíà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ki í sí four-wheel lórí ilẹ̀ líle. Onípáàtì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kó máa rín in lọ.

Títú ti àtijọ́ sílẹ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìjókòó sípíríǹgì ló fẹ́ pa mí. Sípíríǹgì 80 ká róbótó, tiwa jẹ́ awẹ́ pẹlẹbẹ, nítorí náà a ní láti gé irin ara rẹ̀ kúrò, ká jó ìjókòó tiwa mọ́ ọn. Mo là á fún wẹ́dà kan ní Múṣìn: ká gbé háósìn sábẹ́ ọkọ̀, kó fi iná tọ́ ọ lásán, kí n fi fóònù díwọ̀n bí ẹnu axle ṣe dagun, torí òun àti ẹnu gíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dagun bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ propeller á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà kó jó ibí díẹ̀, kó tutù, kó jó ọ̀hún díẹ̀, nítorí iná máa ń fa irin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi ni."

Nẹ́pà mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ò lè gbé ẹ̀rọ ìjórin. Nígbà tí iná dé, ó ti lọ òde ìnáwó. Ó dé, òjò ti rẹ ẹlẹ́kítíróòdù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ohun gbogbo wá pé, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó pè mí tayọ̀tayọ̀: "Mo ti bá yín parí ẹ̀ o!"

Àyà mi já. Ó ti tẹ́ háósìn sílẹ̀, ó fojú wọn ọ́n, ó jó ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá kó tó bọ́ sí èkejì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ojú ìjó rẹ̀ lẹ́wà. Ṣùgbọ́n háósìn ti fà. Àìsàn tí mo sá fún gan-an ló fi owó mi rà fún mi, ó tún ń bèèrè ìyókù owó.

Bàbá kan tó ní lathe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ní Owódé Onírin ló yọ mí. Bàbá gé àwo irin sí ìwọ̀n ẹnu bẹ́rìn, wọ́n ki òpó gígùn kan gba àárín wọn kọjá nínú háósìn: kò wọlé níhà kan. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ ìtẹrin tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, aago kékeré kan ń ka ìdá mìlímítà, títí òpó fi ń yọ̀ wọlé. Owó tí wọ́n gbà ju ti wẹ́dà lọ fíìfíì, òun nìkan sì ni mo san láìkùn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó gbà lọ tààrà. Ẹni tí kò bá ní ohun ìwọ̀n, ẹ má gbé háósìn fún un.

Ọ́ìlì gíà GL-5, 80W-90, la bù sí axle. Tí gíàbọ́ọ̀sì yín bá ń lo GL-4, ẹ má bu GL-5 kan náà sí i nítorí pé ó ṣẹ́ kù, ó lè jẹ idẹ inú rẹ̀.

Ó ti fò, ó ti balẹ̀, kò tíì ṣẹ́. Hand brake ló kù. Wáyà rẹ̀ ò dé ibi tí ọwọ́ hand brake Hilux wà, ẹni tó fẹ́ bá wa so ó pọ̀ sì ti ń sọ pé ọ̀la ni láti oṣù tó kọjá. Òkúta la fi ń há táyà báyìí.